Lẹ́yìn ìjì líle ní Amẹ́ríkà: ibi tí oníjìbìtì ń gbà wọlé, àti ohun tí àwọn aláṣẹ ń ṣe sí i

Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìjì líle Helene já wọ etíkun ìpínlẹ̀ Florida nítòsí ìlú Perry, pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń sáré tó 225 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Kí ọjọ́ kejì tó parí, òjò tó gbé wá ti mú kí odò kún bo àwọn ìlú orí òkè ní ìwọ̀-oòrùn North Carolina, ibi tó jìnnà sí òkun débi pé ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kò ka ìjì òkun mọ́ ohun tó lè kàn wọ́n. Asheville kò rí omi ẹ̀rọ tó ṣeé mu títí di àárín oṣù Kọkànlá, ilé àti ọ̀nà bá omi lọ ní Swannanoa àti Chimney Rock, àwọn tó sì kú ní gbogbo ìpínlẹ̀ tí ìjì náà gbà kọjá lé ní 200. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìjì Milton tún fi wọ Florida ní Siesta Key, lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹwàá.

Kí Milton tó dé rárá ni ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀, àjọ FTC tó ń gbèjà oníbàárà, àti àjọ CFPB tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ owó ará ìlú ti pa ohùn pọ̀ láti kìlọ̀ pé àwọn oníjìbìtì máa tó gbòde. Irú ìkìlọ̀ yìí ti di àṣà lẹ́yìn gbogbo ìjì ńlá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń bọ́ sọ́wọ́ gbájú-ẹ̀ lọ́dọọdún láìka ìkìlọ̀ náà sí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo bí ìrànwọ́ tòótọ́ ṣe ń dé ọwọ́ ẹni tí omi ya ilé rẹ̀, nítorí inú àlàfo tó wà láàárín ọjọ́ tí ilé wó àti ọjọ́ tí owó tòótọ́ dé ni oníjìbìtì ti ń jẹun.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ kì í ṣàdédé dìde láti pín owó. Gómìnà ìpínlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ béèrè, Ààrẹ yóò wá kéde pé àjálù ńlá ti ṣẹlẹ̀, ìkéde náà yóò sì dárúkọ àwọn káúńtì (àgbègbè tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa) tó kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí káúńtì rẹ̀ kò bá sí nínú ìkéde náà kò ní ẹ̀tọ́ sí ìrànwọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, bó ti wù kí òfò rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹni tí káúńtì rẹ̀ bá wà níbẹ̀ yóò forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì DisasterAssistance.gov, lórí tẹlifóònù 800-621-3362, tàbí ní ibùdó ìrànwọ́ tí wọ́n bá ṣí sí àdúgbò. Òṣìṣẹ́ ayẹléwò yóò wá wo ilé náà, lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà ìpinnu yóò jáde.

Owó tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ, omi, wàrà ọmọ ọwọ́ àti oògùn. Nígbà Helene, 750 dọ́là ni. Owó àtúnṣe ilé àti owó ibùgbé fúngbà díẹ̀ yàtọ̀ sí i, ó sì máa ń pẹ́ jù ú lọ. Lákòókò yẹn, iye tí òfin sọ pé owó ilé fún ìdílé kan kò gbọ́dọ̀ kọjá jẹ́ 42,500 dọ́là, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló ń gbà tó bẹ́ẹ̀, torí pé iṣẹ́ FEMA ni láti mú kí ilé ṣeé gbé láìséwu, kì í ṣe láti dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Owó ńlá tí wọ́n fi ń kọ́ ilé padà, ọwọ́ adójútòfò ló yẹ kó ti wá, tàbí kó jẹ́ ẹ̀yáwó lọ́dọ̀ SBA, àjọ tó wà fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, ṣùgbọ́n tó tún máa ń yá onílé lówó lẹ́yìn àjálù. Ní àárín oṣù Kẹwàá ọdún 2024, owó tí SBA ní fún iṣẹ́ yìí tán, ó sì di oṣù Kejìlá kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó fi òmíràn sí i.

Ọ̀rọ̀ adójútòfò yìí gan-an ló ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn jù. Ìwé adójútòfò tí báńkì máa ń fi dandan lé e pé kí onílé ní máa ń sanwó bí atẹ́gùn bá ṣí òrùlé, ṣùgbọ́n kì í sanwó fún ìkún omi. Ti ìkún omi dá dúró lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀ kan tó ti wà láti ọdún 1968, tí kì í san ju 250,000 dọ́là lọ fún ilé àti 100,000 dọ́là fún ẹrù inú rẹ̀, ẹni tó bá sì rà á lónìí sábà máa ń dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ìjì Harvey da omi bo Houston ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ọ̀pọ̀ jù lọ ilé tí omi wọ̀ níbẹ̀ ni kò ní in. Ní àwọn òkè North Carolina, ẹni tó ní in ṣọ̀wọ́n. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó ti ń san owó adójútòfò láìyẹ̀ fún ogún ọdún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìjì pé ìwé tó gbẹ́kẹ̀ lé kò ní san kọ́bọ̀. Ilẹ̀kùn ẹni bẹ́ẹ̀ ni àjèjì kan máa kàn, tó máa fọkàn rẹ̀ balẹ̀, tó sì máa sọ pé òun mọ ọ̀nà tí owó náà fi lè jáde.

Àjèjì náà lè pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ FEMA. Àwọn aláṣẹ máa ń tẹnu mọ́ ọn, wọ́n sì tọ̀nà, pé FEMA kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: kì í gbowó ìforúkọsílẹ̀, kì í gbowó àyẹ̀wò ilé, kì í gbowó kí lẹ́tà lè tètè jáde. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń gbé káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò rẹ̀ sọ́rùn. Aṣọ tí wọ́n kọ FEMA sí lára nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́. Ayẹléwò tòótọ́ ti ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ onílé lọ́wọ́ kó tó dé, kò sì ní béèrè nọ́ńbà àkáùńtì báńkì lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọkàn onílé kò bá balẹ̀, ó lè dá ẹni náà dúró síta, kó pe nọ́ńbà FEMA fúnra rẹ̀, kó sì béèrè bóyá wọ́n rán ẹnì kankan sí òun. Olóòótọ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à ń ríran, ìmọ̀ràn tí àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà sì ń tẹ̀ sínú ìwé pélébé wọn lọ́dọọdún kò jìnnà sí i.

Kọngílá ni wàhálà tó tóbi jù, nítorí pé òun ni owó rẹ̀ pọ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá ló jẹ́ olè. Lẹ́yìn ìjì ńlá, káfíńtà àti kanlékanlé tó wà nílùú kì í tó, àwọn tí ilé wọn wó sì nílò àlejò tó mọ iṣẹ́. Ohun tó ṣòro ni pé ẹni rere àti ẹni ibi jọ ń gbé àkàbà kan náà sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì jọ ń sọ pé àwọn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Oníjìbìtì á gba owó àsansílẹ̀, á ṣí òrùlé sílẹ̀ dé àárín, á sì di àwátì. Òmíràn kì í béèrè owó rárá, ìwé ló máa ní kí onílé fọwọ́ sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Florida, onílé lè fi ìwé kan ṣoṣo gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí owó adójútòfò fún kọngílá, kí kọngílá náà sì máa bá ilé iṣẹ́ adójútòfò ṣẹjọ́ fúnra rẹ̀, kí onílé má tilẹ̀ mọ iye tí wọ́n ń béèrè lórí ilé rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ìjì Ian ba gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà jẹ́, àwọn aṣòfin Florida fòpin sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ètò adójútòfò ilé tí wọ́n bá ṣe láti ọjọ́ kìíní ọdún 2023.

Lójú tèmi, òfin kan ṣoṣo yẹn dí ojú ihò tí ẹgbẹ̀rún ìwé ìkìlọ̀ kò lè dí. Síbẹ̀ òfin kan náà mú ìnira wá fún onílé tí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, nítorí ó fagi lé ètò àtijọ́ tó mú kí ilé iṣẹ́ náà máa san owó agbẹjọ́rò fún onílé tó bá jàre. Ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ kọngílá burúkú wá dá dúró níwájú ilé iṣẹ́ ńlá láìsí agbẹjọ́rò lẹ́yìn rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń yin òfin náà máa sọ apá kejì yìí pẹ̀lú.

Texas gba ọ̀nà mìíràn. Ìpínlẹ̀ náà kì í fún àwọn tó ń kan òrùlé ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, nítorí náà kò sí ibi tí onílé ti lè wo orúkọ wọn lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe dípò rẹ̀ ni òfin ọdún 2011 tó ní kọngílá tó bá ti ibòmíràn wá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn àjálù kò gbọ́dọ̀ gba owó kankan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti òfin ọdún 2019 tó kà á léèwọ̀ kí kọngílá ṣèlérí pé òun máa bá onílé mójú kúrò nínú iye tí onílé gbọ́dọ̀ san lápò ara rẹ̀ kí adójútòfò tó san ìyókù. Ìlérí yẹn máa ń dùn létí gan-an. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni pé kọngílá á fi irọ́ kún iye iṣẹ́ tó kọ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ adójútòfò, orúkọ onílé ló sì máa wà lórí ìwé irọ́ náà. Ní Florida ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ kọngílá láìní ìwé àṣẹ nígbà tí gómìnà ti kéde ipò pàjáwìrì ti dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tó lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ a tiẹ̀ máa díbọ́n bí onílé, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ẹni tó ń polówó iṣẹ́ tí kò ní àṣẹ láti ṣe.

Fífi owó lé ọjà lọ́nà tí kò bójú mu náà wà lára ohun tí wọ́n ń lépa. Ní North Carolina, bí ìkéde ipò pàjáwìrì bá ti jáde ni òfin tó dè é ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Josh Stein, tó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ náà nígbà ìjì Florence ọdún 2018, gbé àwọn kan tó ń gé igi tó wó lulẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ nítorí owó gọbọi tí wọ́n bù lé àwọn onílé lórí; òun kan náà ló ń gba ẹ̀sùn lórí Helene kó tó di gómìnà ní ọdún 2025. Ẹni tí igi wó lé òrùlé rẹ̀ kò lè máa ná ọjà, nítorí náà ni òfin ṣe ń bá a ná an.

Jìbìtì kan wà tí ẹni tí wọ́n ṣe é sí kì í tètè mọ̀, òun ni jíjí orúkọ lò. Ẹni tí ilé rẹ̀ wó á pe FEMA láti forúkọ sílẹ̀, wọ́n á sì sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà Social Security rẹ̀, nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá ènìyàn mọ̀, ti wà níbẹ̀, pé ẹnì kan ti béèrè owó ṣáájú rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, òun ni yóò máa fi ẹ̀rí gbe ara rẹ̀ pé òun gan-an ni òun, nígbà tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti ìwé ilé rẹ̀ lè ti bá omi lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ Yorùbá, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn agbófinró Amẹ́ríkà mú ọkùnrin kan tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ pàtàkì fún gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn ní pápákọ̀ òfurufú JFK ní New York. Owó tí ìpínlẹ̀ Washington ń san fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà àrùn Kòrónà ló jẹ́ gbòǹgbò ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fi hàn pé ó ti lo orúkọ àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jí láti béèrè owó ìrànwọ́ ìjì Harvey àti ìjì Irma ti ọdún 2017 pẹ̀lú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún un ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Àwọn tó ń pe irú owó bẹ́ẹ̀ ní owó òyìnbó, bí ẹni pé kò ní olówó, kò ro ti ìyá arúgbó kan ní Texas tí wọ́n sọ fún pé òun kọ́ ló ni orúkọ ara rẹ̀. Wọn kò sì ro ti ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Houston, ọ̀kan lára àwọn ìlú tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà, tí omi Harvey wọ ilé tirẹ̀ náà.

Ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ́ ọgbọ́n nípa èyí tipẹ́. Lẹ́yìn ìjì Katrina ọdún 2005, ilé iṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ìṣirò owó fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fojú bù ú pé owó tí FEMA san lọ́nà tí kò tọ́ lórí Katrina àti Rita wà láàárín 600 mílíọ̀nù dọ́là àti 1.4 bílíọ̀nù. Ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ dá ibùdó tó ń gbógun ti jìbìtì àjálù sílẹ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀, 866-720-5721, ṣì ń gba ẹ̀sùn títí di òní. Òfin kan tún jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2008 tó sọ pé ẹni tó bá lu jìbìtì lórí owó àjálù lè lọ sẹ́wọ̀n ọgbọ̀n ọdún. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n fi kún un láti dí ọ̀nà mọ́ olè ló ń dá olóòótọ́ dúró pẹ̀lú, ìdádúró yẹn ló sì ń fẹ àlàfo tí mo sọ lókè lójú sí i. Kò sí aláṣẹ tó tíì rí ojútùú tó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn sí èyí, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé ó rọrùn, kò tíì jókòó ti ẹni tó ń dúró de lẹ́tà FEMA.

Owó àánú náà ní oníjìbìtì tirẹ̀. Nígbà Helene, àwòrán ọmọdébìnrin kan tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń sunkún, tó gbá ọmọ ajá mọ́ra, gba gbogbo orí ayélujára. Ẹ̀rọ AI ló yà á, kò sí ọmọ náà níbì kankan. Àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń ṣí ọkàn ènìyàn sílẹ̀ fún ẹni tó bá wá béèrè owó tẹ̀lé e. Ìmọ̀ràn FTC ni pé kí ẹni tó fẹ́ ṣàánú fúnra rẹ̀ wá ìkànnì ẹgbẹ́ náà lọ, kó má ṣe tẹ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, kó sì mọ̀ pé ẹni tó bá ní gift card, kírípítò tàbí owó tí a fi wáyà ránṣẹ́ nìkan lòun ń gbà kò wá ire. Nígbà tí ìjì Melissa kọ lu Jàmáíkà lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìjọba ibẹ̀ tètè gbé ìkànnì kan ṣoṣo kalẹ̀ lórúkọ ìjọba, supportjamaica.gov.jm, kí àwọn tó wà lẹ́yìn odi lè mọ ibi tí owó wọn ń lọ. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn. Ó fún ènìyàn ní ibi tó lè lọ, kò kàn sọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ lọ fún un.

Jìbìtì ìjì tún máa ń gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa nílé. Harvey nìkan ri ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ sínú omi. Òfin fàyè gbà á kí wọ́n ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo, bí àmì àgbàrá bá wà lórí ìwé ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń gbé ìwé náà lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn kí àmì náà lè parẹ́, àwọn mìíràn sì ń kó ọkọ̀ náà sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó tàbí Cotonou, níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń tà á ní tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní. Wáyà inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dípẹtà díẹ̀díẹ̀, bírékì àti àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì lè kọ iṣẹ́ lójijì. Ẹgbẹ́ NICB tó ń gbógun ti jìbìtì adójútòfò ní Amẹ́ríkà ní ìkànnì ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní VINCheck, níbi tí ènìyàn ti lè fi VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, wò ó bóyá ilé iṣẹ́ adójútòfò ti kéde rẹ̀ rí pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹni tó wà ní ọjà ọkọ̀ Berger ní Èkó lè wò ó lórí fóònù rẹ̀ kó tó ka owó sílẹ̀.

Mo padà sí ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ, nítorí ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà Helene tó fi hàn bí iṣẹ́ wọn ṣe le tó. Àhesọ gbilẹ̀ pé 750 dọ́là ni gbogbo ohun tí ará ìlú lè rí gbà, pé ẹ̀yáwó ni, pé bí ènìyàn kò bá dá a padà FEMA máa gba ilẹ̀ rẹ̀, pé ìjọba fẹ́ gba Chimney Rock lódindi. Kò sí òótọ́ nínú èyíkéyìí níbẹ̀. FEMA àti ìjọba North Carolina ṣí ojú ìwé sórí ayélujára láti máa dáhùn àwọn àhesọ náà, ṣùgbọ́n àwọn tó mú kí ọ̀rọ̀ náà wọ ará ìlú létí ni àwọn tí wọ́n fi ìbò gbé wọlé fúnra wọn. Kevin Corbin, sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ náà tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Republican, bẹ àwọn ènìyàn lórí Facebook ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá pé kí wọ́n dẹ́kun àti máa tan irọ́ kálẹ̀. Chuck Edwards, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà tó ń ṣojú àgbègbè náà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, kọ lẹ́tà lọ́jọ́ 8 oṣù náà tó fi ń já àwọn àhesọ náà níkọ̀ọ̀kan. Nígbà yẹn ìdìbò Ààrẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, irọ́ náà sì ń ṣe ẹgbẹ́ wọn láǹfààní. Ohun tí wọ́n ṣe yẹn yẹ kí a máa rántí. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 12 oṣù náà, FEMA kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ilé dé ilé ní àdúgbò kan nítorí ìhalẹ̀, wọ́n sì mú ọkùnrin kan tó gbé ìbọn.

Àwọn tí wọ́n jìyà jù nínú èyí ni àwọn tí òṣìṣẹ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ẹni tó ti gbà pé FEMA ń gba ilẹ̀ kò ní forúkọ sílẹ̀, kọngílá oníjìbìtì ló sì kù fún un. Ìjọba náà fúnra rẹ̀ kò mọ́ pátápátá: lẹ́yìn Milton, wọ́n lé ọ̀gá kan lẹ́nu iṣẹ́ ní FEMA nítorí ó sọ fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Lake Placid, Florida, pé kí wọ́n fo àwọn ilé tó gbé àmì ìpolongo Donald Trump kọ́. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ń ba ohun tí ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ rere kọ́ jẹ́ lọ́jọ́ kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìròyìn jáde pé FEMA fẹ́ dẹ́kun iṣẹ́ ilé dé ilé náà, kí wọ́n máa dúró de ará ìlú ní ibùdó. Mo rò pé àṣìṣe ni, nítorí arúgbó tí kò ní ọkọ̀ àti ẹni tí iná fóònù rẹ̀ ti kú kò lè wá sí ibùdó, ilé wọn ni oníjìbìtì sì máa ń lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè pẹ̀lú ń fa àlàfo. Lẹ́yìn ìjì tó kọ lu ìwọ̀-oòrùn Alaska ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, FEMA gbé iṣẹ́ ìtúmọ̀ sí èdè àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan, ohun tó sì jáde kò ní ìtumọ̀ létí àwọn tó ni èdè náà. Fún àwọn ènìyàn wa, èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ìdènà tó tóbi jù, ìbẹ̀rù ìwé ìgbélùú ni. Òfin sọ pé ọmọ onílùú, ẹni tó ní green card, àti ẹni tí wọ́n ti fún ní ibi ìsádi lè gba owó FEMA. Ẹni tí kò sí nínú wọn kò lè gba owó náà lórúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà bá wà nínú ilé náà, òbí lè forúkọ sílẹ̀ lórúkọ ọmọ. Ibùdó tí wọ́n ń kó àwọn tí ilé wọn wó sí, oúnjẹ àti omi nígbà pàjáwìrì kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Nínú ìjọ àti mọ́ṣáláṣí wa ní Houston àti Florida, ó yẹ kí a máa sọ èyí ketekete kí àsìkò ìjì tó wọlé ní oṣù Kẹfà, kó má bàa jẹ́ pé ẹni tó ń ta ìwé àdàmọ̀dì ni yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Lẹ́tà tí FEMA ń kọ ló kù. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́ máa ń sọ pé wọn kò tíì fọwọ́ sí ìbéèrè náà, ẹni tó bá sì kà á á gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, nígbà tí ohun tí wọ́n ń wá lè má ju ìwé kan lọ, bóyá lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ adójútòfò tàbí ẹ̀rí pé ilé náà jẹ́ ti onítọ̀hún. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ìdílé àwọn aláwọ̀ dúdú púpọ̀ ló ń gbé lórí ilẹ̀ tí bàbá bàbá wọn fi sílẹ̀ láìsí ìwé ìpíngún, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ẹbí ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni FEMA ń dá wọn padà nítorí orúkọ wọn kò sí lórí ìwé ilẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni àjọ náà gbà láti máa wo ẹ̀rí mìíràn, bíi ìwé owó orí tàbí ìwé àtúnṣe ilé, kó sì jẹ́ kí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bí kò bá ní èyíkéyìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n tún yọ ìlànà tó ní dandan ni kí ènìyàn kọ lẹ́tà tó fọwọ́ sí kó tó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọgọ́ta ọjọ́ ni ẹni tí wọ́n dá padà ní láti pe ẹjọ́ náà, láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà. Kò ní san owó kankan fún un, kò sì nílò ẹnikẹ́ni tó máa ní kó fún òun ní ìdá nínú owó tó bá jáde.